Ọkùnrin Tó Wà Nínú Ọbẹ̀ Wa

Ẹ sún mọ́bí, ẹ wá gbọ́. Ọkùnrin kan wà tí gbogbo obìnrin àgbàlá yìí ń pe orúkọ rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, tí ọkọ kankan ò sì bínú. Kódà ọkọ Ìyá Ìbejì, tó ń jowú ẹni tó wá ka mítà iná! Ẹ má ní èmi ni mo sọ ọ́ o.

Julius Maggi ni mò ń wí. Àbí ẹ rò pé orúkọ lásán ni Mágí? Orúkọ bàbá tó bí i ni. Ítálì ni bàbá yẹn ti ṣí wá sí Switzerland, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí Julius sí lọ́dún 1846. Nígbà tó dàgbà, ó rí i pé àwọn obìnrin ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́, wọn ò ráyè dáná. Ló bá gbé ọbẹ̀ oníyẹ̀fun tó tètè ń jinná jáde.

Ti obìnrin tí ò ráyè dáná yìí, ṣé ẹ rí ìyàwó tuntun yàrá ẹ̀yìn? Látìgbà tó ti dé, ìdí ìkòkò rẹ̀ ò tíì dúdú! Búrẹ́dì àti ẹ̀wà aganyin lọ́sàn-án, òun náà ni lálẹ́. Ọkọ ń rù, ó ní òun ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ. Ó dáa, kò kàn mí.

Lọ́dún 1908 ni Mágí onígun mẹ́rin tí à ń fọ́ sọ́bẹ̀ dé. Òyìnbó ní tí èèyàn bá gbajúmọ̀ tán, orúkọ rẹ̀ á di ti inú ilé gbogbo. Ti Julius kọjá bẹ́ẹ̀, torí ó ti gbé ẹlòmíì mì. Ṣebí ẹ̀ ń rán ọmọ níṣẹ́ pé, “Lọ ra Mágí Knorr wá”? Knorr, ará Jámánì, ti dá òwò tiẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1838, kí wọ́n tó bí Julius rárá. Orogún ọjà ni wọ́n, àwa la so wọ́n pọ̀ bíi tọkọtaya!

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Alex Maclean, ọlọ́ṣẹ ìfọyín, ọmọ New Zealand tó bẹ̀rẹ̀ òwò ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1919. Bàbá onílé wa á ní, “Close-Up ni Mákílíìnì tèmi.”

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè yá mi ní Mágí méjì? Knorr ni o.