Ẹ̀wà Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Ìyá Ìbejì, ẹ sún mọ́bí, kí máígáàdì má gbọ́ wa. Ṣé ẹ mọ màdáámù ilé tó kọjú sí wa ní GRA níbí? Wọ́n ní kí ọmọ rẹ̀ gbin ẹ̀wà sínú òwú tútù, kó gbé e wá síléèwé. Ìyá gbàgbé pátápátá. Alẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la ló ké sí dẹ́rẹ́bà rẹ̀: "Lọ ra ẹ̀wà tó ti hù lọ́jà Boundary." Ẹ gbà mí! Ta ló ń tajà tó ti bàjẹ́?

Ajégúnlẹ̀ ni dẹ́rẹ́bà ń gbé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń lọ síléèwé ìjọba, níbi tí wọ́n ti ń fún mọ́ra wọn lórí bẹ́ǹṣì. Ó ti gbin ẹ̀wà tiẹ̀ sínú agolo mílíìkì méjì, ọ̀kan lójú fèrèsé, ọ̀kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ti ojú fèrèsé kúrú, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ga, ó tín-ín-rín, ewé rẹ̀ pọ́n. Màdáámù sanwó, ó mú èyí tó ga. Ohun gíga ni wọ́n ń fẹ́, ẹ wo bàtà wọn.

Tíṣà bi ọmọ GRA pé kí ló dé tí ewé fi pọ́n. Ọmọ tó lè sípẹ́lì photosynthesis láì mí, ó ní ibà ló ń ṣe é! Ọmọ dẹ́rẹ́bà gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín: "Dádì, ìmọ́lẹ̀ ni ò rí. Ó ń nà kiri láti wá oòrùn. Tíṣà wa fi Yorùbá sọ ọ́, ó fi pidgin tún un sọ fáwọn tí ò gbọ́."

Ká fi Yorùbá kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì kì í kúkú ṣe àrà tuntun. Láti 1970 ni Babs Fáfúnwá àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ iléèwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún 6, tí Gẹ̀ẹ́sì dá dúró bí ẹ̀kọ́ kan. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà máa kú. Ìgbà tí wọ́n dán wọn wò, wọ́n tún mọ̀ ọ́n ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ! Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ ní ká máa fi èdè abínibí kọ́ni ní praímárì. Nígbà tó di 2025, wọ́n láwọn ò ṣe mọ́. Ìjọba tiwa náà kọ́!

Màdáámù ò bínú o. Iṣẹ́ tó kàn ni bí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ inú omi ṣe ń di ọ̀pọ̀lọ́, ó sì ti ń béèrè lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà èyí tó wà ní gọ́tà àdúgbò rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ní, "Mà, ẹlẹ́sẹ̀ ni àbí aláìlẹ́sẹ̀? Iye wọn ò dọ́gba."