Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́

Ní aago kan òru, nígbà tí gbogbo àdúgbò Agric ní Ìkòròdú ti dákẹ́, tó ku ajá àti jẹnẹrétọ̀, Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ń yan òṣìṣẹ́. Èèyàn 23 ló tò síwájú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó mú àwọn wọ inú ihò iwin nínú géèmù. Ẹni mẹ́rin péré ló nílò. Ó wo máàkì ẹni àkọ́kọ́, ó pòṣé. Ó wo ti ẹnì kejì, ó ṣe ojú bí ìyá tí wọ́n na ẹja kékeré sí lọ́jà Sábó. "Èyí náà fẹ́ wọ Mythic?"

Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sí nílé yín, ó wà nílé kejì: ọmọ tó ti ka ìwé rẹ̀ tán, tó ti sin ìjọba, tó ń wá iṣẹ́ lọ́sàn-án, tó ń gbá géèmù World of Warcraft lóru torí pé dátà òru ló dínwó. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2004 ni géèmù yìí ti wà, nǹkan bíi dọ́là 15 ni wọ́n sì ń san lóṣù. Nígbà tí àwọn báǹkì kan sọ ní 2022 pé káàdì náírà ò gbọ́dọ̀ ná ju dọ́là 20 lọ sókè òkun lóṣù, Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ò bínú rárá. 15 kúrò nínú 20, márùn-ún ṣì kù. Ní 2024 tí dọ́là kan di nǹkan bí 1,500 náírà, owó eré náà sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta 70,000 náírà tí ìjọba fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù. Ìyá rẹ̀ gbà pé kọ̀ǹpútà ló ń kọ́.

Àbúrò rẹ̀ ló ṣèèṣì bi í ní ìbéèrè kan lálẹ́ ọjọ́ kan.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣebí ihò tẹ́ ẹ wọ̀ lánàá náà nìyí. Kí lẹ tún ń wá níbẹ̀?"

"Ihò kan náà ni. Ṣó o mọ ọ̀nà Mile 12? Láàárọ̀ Sunday, o ò tíì tòògbé tán tó o fi débẹ̀. Normal nìyẹn. Ní aago márùn-ún ìdájí Monday, Heroic. Tí òjò bá wá ń rọ̀, tí tírélà dùbúlẹ̀ ní Májídun, tí wọ́n sì ní o gbọ́dọ̀ wà n'Íkẹjà kó tó di aago mẹ́jọ, Mythic+ nìyẹn. Ọ̀nà ò yàtọ̀. Ìyà ló pọ̀ sí i."

Ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, àlàyé yìí dáa. Èèyàn márùn-ún ló ń wọ ihò pọ̀: ọ̀kan tó ń fara gba lílù níwájú, tí wọ́n ń pè ní tank, ọ̀kan tó ń wo ọgbẹ́, healer, àwọn mẹ́ta yòókù, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa lu ọ̀tá. Heroic dé ní oṣù kìíní ọdún 2007: iwin àná náà ni, ẹ̀mí wọn ló gùn sí i, ọwọ́ wọn ló wúwo sí i. Ní 2015, Mythic tẹ̀ lé e. Ọdún 2016 ni kọ́kọ́rọ́ Mythic+ wá dé, tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, tí aago sì ń ka ìṣẹ́jú mọ́ yín lórí. Ẹ parí rẹ̀ lásìkò, nọ́ńbà gòkè. Ẹ pẹ́, ó já wálẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n á ró àwọn ọmọ ogun kéékèèké lágbára, Fortified. Nígbà mìíràn àwọn olórí wọn, Tyrannical. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ túmọ̀ rẹ̀ fún àbúrò: agbèrò àti alága agbèrò.

Ohun tí kò sọ ni pé nọ́ńbà yẹn, àṣìṣe ló ń wọ̀n. Bí nọ́ńbà bá kéré, o lè dúró sínú iná kí healer sì yọ ọ́. Bó bá ga, ìwọ àti iná náà lẹ jọ ń parí ọ̀rọ̀ yín. Bí ọ̀tá bá ya ẹnu láti pe ọfọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gé e mọ́ ọn lẹ́nu lójú ẹsẹ̀. Bí olúkúlùkù bá rò pé ẹnìkejì á ṣe é, gbogbo yín á sùn síbẹ̀. Sùúrù àti àfiyèsí ni èyí ń fẹ́, kò sì sí máàkì tó ń fi wọ́n hàn.

Ṣùgbọ́n máàkì ni Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ mọ̀. Máàkì ti ìkànnì Raider.IO ló kọ́kọ́ ń wò. Nígbà tí àwọn tó ni géèmù wá fi máàkì tiwọn sínú rẹ̀ ní 2021, ó di méjì tó ń wò. Nínú ìwé Fágúnwà ti 1938, nígbà tí Àkàrà-ògùn ń kó àwọn akọni lọ sí Òkè Láńgbòdó, ohùn ni Olóhùn-iyọ̀ mú dání, kùmọ̀ ni ti Kákò. Ká ní Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ló ń darí wọn, Olóhùn-iyọ̀ ò ní kúrò nílé.

Fídíò kan wà tó fi ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ tuntun, ti Leeroy Jenkins, tó jáde ní 2005. Ẹgbẹ́ kan ń gbèrò bí wọn yóò ṣe wọ yàrá kan. Ẹnì kan tilẹ̀ ṣírò ìrètí àtiyè wọn, ó ní ìdá 32.33 nínú ọgọ́rùn-ún. Leeroy, tí kò sí lórí àga ní gbogbo àkókò yìí, padà dé, ó pariwo orúkọ ara rẹ̀, ó sì já wọlé. Gbogbo wọn kú. Àwọn tó ṣe é ti jẹ́wọ́ pé àwàdà ni. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ò gbà. Ní tirẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló yẹ kí wọ́n ti dá Leeroy dúró. Leeroy ṣáà rí adìyẹ jẹ nínú fídíò náà. Indomie tútù ló wà níwájú Ọ̀gá.

Lọ́sàn-án, ẹ wo ojú WhatsApp rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ní àwọn fẹ́ ẹni tó ní ìrírí ọdún márùn-ún, kí ó má sì ju ọmọ ọdún 26 lọ. "Ìwà ìkà ni! Ibo lèèyàn ti fẹ́ rí ìrírí tí ẹnikẹ́ni ò bá gbà á síṣẹ́?" Igba èèyàn ló fọwọ́ sí i. Lóru ọjọ́ náà gan-an, ọmọ kan kọ̀wé sí i láti Poland pé òun ò ní máàkì torí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ mú òun wọlé. Ó ka lẹ́tà náà tán. Ó tẹ̀ ẹ́ dànù.

Ìdààmú tirẹ̀ ò sí nínú ètò àwọn tó ṣe géèmù. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, ihò àti iwin sì jọ pòórá mọ́ ọn lójú. Ti alẹ́ tí à ń sọ yìí kéré sí i. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, olórí iwin tó kẹ́yìn ti ń rọ, ni epo bá tán nínú jẹnẹrétọ̀. Kó tó fi tọ́ọ̀ṣì wá kẹ́ẹ̀gì rí, kó rọ epo, kó padà wọlé, àwọn mẹ́rin ti lọ. Ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un pé ojo tó sá lójú ogun ni.

Ó fẹ́ ṣàlàyé. Ta ni yóò ṣàlàyé fún? Aago mẹ́rin ti lù, ó sì gbọ́dọ̀ wọ BRT lọ sí Ìkẹjà fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n bi í níbẹ̀ pé ọdún mélòó ló ti fi ṣe irú iṣẹ́ yìí rí.

Kọ́kọ́rọ́ tó jẹ́ +10 ti di +9. Ó ń wá ẹni mẹ́rin lálẹ́ òní, ẹ fi máàkì yín ránṣẹ́.