Áàpù Òde Ìnáwó

Láti ọdún 1998 ni Evite, ìkànnì ìwé ìpè orí ayélujára, ti ń bi àwọn ará Amẹ́ríkà bóyá wọ́n ń bọ̀ níbi àpèjẹ tàbí wọn ò ní wá. Bí ẹnì kan bá gbé áàpù tó jọ ọ́ wá sí òde ìnáwó n'Íbàdàn, ta ni yóò dá a lóhùn? Mo-gbọ́-mo-yà kì í tẹ bọ́tìnnì. Ìlù ló ń tẹ̀ lé.

Nínú áàpù tiwa, ojú ewé aṣọ ẹbí ni ìyá ìyàwó nílò: ta ló ti sanwó, ta ló san ti gèlè nìkan, ta ló ti ń ṣèlérí 'tó bá dọ̀la' láti oṣù tó kọjá. Aago inú áàpù náà gbọ́dọ̀ jẹ́ oríṣi méjì: mẹ́wàá àárọ̀ fún pásítọ̀, mẹ́wàá àárọ̀ tó túmọ̀ sí ọ̀sán gangan fún ẹbí.

Ìkìlọ̀ nípa owó lílẹ̀ mọ́ olórin ńkọ́? Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka lílẹ náírà mọ́ olórin níwájú orí sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Áàpù lè kìlọ̀ títí, àmọ́ kí onífújì tó ki bàbá ẹnì kan ni.

Bọ́tìnnì ìrẹsì àgbélọ ló kù. Ìyẹn gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ aṣínà, nítorí màmá tó jókòó nídìí kúlà ti ń to ike sínú báàgì.