Wáifáì Wa
Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye ẹni tó ń bá yín jẹ dátà, ẹ yí orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà Wáifáì ilé yín padà. Iṣẹ́ náà ò le: nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ẹ ó tẹ 192.168.1.1 sínú búráúsà, ẹ ó sì fi “admin” wọlé. Ta ló ti yí ìyẹn padà rí? Orúkọ ò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 32 lọ. Kí ẹni tó fẹ́ kọ oríkì síbẹ̀ má bínú. Ọ̀rọ̀ aṣínà, ó kéré tán, lẹ́tà 8.

Kò ní pẹ́ tí aládùúgbò tí kì í kí yín á fi kanlẹ̀kùn.

“Ẹ kúulé o, Bàbá Ṣadé. Kí ló ṣe íntánẹ́ẹ̀tì wa? Kò wọlé mọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ bá wa pe àwọn tó ń tà á, ẹ jọ̀ọ́.”