Ẹ Fi Píìnì Sílẹ̀ Níbi Tí Ẹ Bá A

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àgbàlagbà ṣe ń purọ́ láìlanu, kó lọ jókòó sí sáàlì ìdárayá kan ní Gbégamey, ní Kútọnu, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti ń ya wọlé. Wọ́n to irin pẹlẹbẹ léra wọn lẹ́yìn màṣíìnì kan, píìnì kékeré kan ló sì ń dájọ́ níbẹ̀: ibi tó o bá kì í bọ̀, ibẹ̀ ni ẹrù rẹ mọ. Ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n ń pè ní fofo dé, àyà ló kọ́kọ́ wọlé, òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó ki píìnì bọ kílò 20, ó jókòó, ó fà á, ojú pọ́n, ó ń ké bí aboyún tó ń rọbí. Ó parí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó fa píìnì yọ, ó rọra kì í bọ 75, ó nu òógùn, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọmọkùnrin tó kàn wo 75, ó wo ẹ̀yìn fofo, ó ní: "Yéè! Baba yìí le o!"

Irú àwọn báyìí náà ló ń jókòó lẹ́bàá Place Bulgarie, tí wọ́n ń dájọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀: ṣé màṣíìnì ni kó kọ́kọ́ dì mú, àbí ọ̀pá irin àti àwo rẹ̀ tí kò so mọ́ nǹkan kan?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ màṣíìnì. Wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì látàárọ̀, wọ́n jókòó sẹ́yìn zémí, ọ̀kadà wa, dé àdúgbò wọn, wọ́n sanwó oṣù kan, wọ́n tún wá ìjókòó. Síbẹ̀, màṣíìnì kò ṣẹ̀ wọ́n. Ó ti lànà sílẹ̀ fún irin: òkè ló ń lọ, ìsàlẹ̀ ló ń bọ̀, kò lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò lè já lé ẹnikẹ́ni láyà. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè ti ibẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ti nǹkan àti bí wọ́n ṣe ń fà á. Nígbà tí Arthur Jones, ará Amẹ́ríkà, gbé Nautilus rẹ̀ jáde lọ́dún 1970, ó fi irin kan sí i tó tẹ̀ kọrọdọ, kí ẹrù lè máa wúwo sí i níbi tí ẹran ara ti lágbára, kó sì fúyẹ́ níbi tó ti rọ̀. Ọgbọ́n ńlá ni. Ìjókòó ló ṣe fún yín, ẹ̀yin ti sọ ọ́ di yàrá WhatsApp. Bẹ́ẹ̀ ni èèyàn mẹ́rin wà lórí ìlà. Ẹ má sì sọ pé kúráǹ ló lọ o, ọwọ́ yín ló ń fa irin yẹn, kò lo kúráǹ.

Ó kan àwọn ọlọ́pàá irin. Àwọn yìí máa ń ní màṣíìnì "ti obìnrin ni". Ah! Ṣé ti Adijat Olarinoye, ọmọ Nàìjíríà? Ní Ìdíje Commonwealth ní Birmingham lọ́dún 2022, láàárín àwọn obìnrin tí wọn kò tẹ̀wọ̀n ju kílò 55 lọ, ó já 92 sókè orí lẹ́ẹ̀kan náà, ó tún gbé 111 sí èjìká kó tó nà án sókè. Kílò 203 lápapọ̀, ó sì gba góòlù. Ọ̀pá ló gbé o, kò jókòó síbì kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe màṣíìnì ní ti obìnrin, ẹ lọ gbé ti obìnrin wò.

Àwọn ọlọ́pàá irin yìí á ti wo fídíò Iron Biby, ọmọ Bobo-Dioulasso ní Burkina Faso, tó gbé gẹdú irin kílò 229 kọjá orí ní Glasgow lọ́dún 2021. Orí á gbóná. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pàá, wọ́n á ki àwo ogún kílò kọ̀ọ̀kan sí ọ̀tún àti òsì ọ̀pá. Wọ́n ti gbàgbé pé ọ̀pá náà lásán, láìsí àwo, kílò 20 ni. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹ óò máa gbọ́ ohùn tín-ín-rín lábẹ́ irin: "Kóòṣì… ẹ jọ̀ọ́… Kóòṣì…"

Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ dé sáàlì. Wọ́n po sìmẹ́ǹtì sínú agolo mílíìkì méjì nínú àgbàlá, wọ́n fi páìpù so wọ́n pọ̀. Ọgbọ́n ni, mo kí wọn. Àmọ́ agolo kan tóbi ju ìkejì lọ, ìdí nìyẹn tí èjìká kan ọ̀gbẹ́ni tó ń gbé e fi ń wo àdúgbò Vèdoko, tí ìkejì ń wo ilẹ̀.

Bí ẹ bá bi mí, ẹ mú méjèèjì. Àwọn ọ̀mọ̀wé eré ìdárayá Amẹ́ríkà, American College of Sports Medicine, sọ bẹ́ẹ̀ fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2009. Ẹran ara kì í bi irin léèrè orúkọ, yóò wú lọ́nà méjèèjì. Agbára ló ń tẹ̀ lé ohun tí èèyàn bá fi kọ́ra: ẹni tó gbówọ́ lórí màṣíìnì, gbé ọ̀pá fún un, orúnkún á máa jó. Àpò ìrẹsì tí ẹ máa gbé kúrò lórí zémí gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò ní ojú ọ̀nà, kò sì ní píìnì. Nítorí náà, kí màṣíìnì mú ẹ̀rù kúrò, kí ọ̀pá òfìfo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí kóòṣì sì máa wo ẹ̀yìn yín, kì í ṣe fóònù rẹ̀.

Màṣíìnì ẹsẹ̀ nìkan ni ẹgbẹ́ méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lé lórí: kò sẹ́ni tó ń lò ó. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń sá táwẹ́ẹ̀lì sí. Àyà ń pọ̀, apá ń pọ̀, ṣòkòtò sì ń wá ẹsẹ̀ tó máa kún un. Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan ní Gbégamey tó ká táwẹ́ẹ̀lì náà kúrò, tó jókòó, tó ti irin fẹsẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò tíì lọ́kọ.