Koko Ní í Le

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú, koko ní í le. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí rò pé ìkìlọ̀ ni àwọn ń ṣe. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tí orúnkún ń dùn, tí ẹ̀yìn ń ro, yóò kó owó ìfẹ̀yìntì jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi ra le koko, tí yóò sì tún sanwó fún ẹni tó máa bá a dè é mọ́ abẹ́ ọkọ̀.

MGB ni ọkọ̀ tí mò ń sọ, ọkọ̀ kékeré onísíìtì méjì tí kò ní òrùlé, àfi aṣọ tí wọ́n ń fà bò ó bí òjò bá dé. Abingdon, lẹ́bàá Oxford, ni wọ́n ti ń ṣe é láti 1962 títí di 1980 tí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà pa. Bí a bá ka èyí tó lórùlé, tí wọ́n ń pè ní GT, mọ́ ọn, wọ́n ṣe ju ìdajì mílíọ̀nù lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí oòrùn bá ràn díẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ò ní ṣàì pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà abúlé kan: ọ̀gá tó ni ín ti dé fìlà, ó ti lẹ àmì pápá eré ìje ọkọ̀ Nürburgring, níbi tí ọkọ̀ náà kò dé rí, mọ́ ọn lẹ́yìn, ìyàwó rẹ̀ sì fi ọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀kùn mú. Ẹ wo ìyàwó yẹn dáadáa. Eré ò bà á lẹ́rù. Eyín rẹ̀ ló ń ṣọ́.

Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọ̀gá ra ọkọ̀, ó yí kọ́nà kan, ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún, tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ń jo epo, tí búṣì rẹ̀ ti jẹ tán, tí afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀ ò pé, fì nígbà tó yí kọ́nà! Ọ̀gá ò wo epo, kò wo búṣì, kò wo táyà. Ó ní sípíríǹgì ló rọ̀ jù.

Àwọn tí owó ò tó lọ́wọ́ wọn a gbé ayùn irin, wọn a gé díẹ̀ kúrò lára sípíríǹgì iwájú. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àmọ́ ẹ wo abẹ́ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, orí tí wọ́n ti bẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀gá tiwa lówó, kò gé nǹkan kan. Ó ra tuntun, tó kúrú, tó sì le. Ọkọ̀ wálẹ̀, ọ̀gá bọ́ sẹ́yìn, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò rí i pé àlàfo tí táyà fi ń gòkè kó tó kan rọ́bà ìdádúró ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, pé kòtò kékeré kan ti tó láti sọ rọ́bà yẹn di sípíríǹgì. Sàlẹ́ńsà ọkọ̀ yìí ò sì fìgbà kan jìnnà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kí bọ́ǹpù ojú títì ga tó 100 mílímítà. Gbogbo àdúgbò ló ń mọ̀ bí ọ̀gá bá ti ọjà dé.

Táyà tó kan ilẹ̀ nìkan ló ń mú ọkọ̀ yí kọ́nà. Ojú ọ̀nà abúlé tí à ń wí yìí, omi dídì ti fọ́ ọ̀dà rẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, wọ́n lẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, eré tó ga jù tí òfin sì gbà níbẹ̀ ni 60 máìlì ní wákàtí. Sípíríǹgì tó rọ̀ níwọ̀n máa ń jẹ́ kí táyà sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò kó sì gòkè padà, ṣọ́ọ̀kì a wá pa ìfòsókè náà. Èyí tó le koko a gbé táyà fò kọjá. Táyà tó wà lófuurufú ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.

Ní 1962 yẹn kan náà, Colin Chapman ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Lotus gbé ọkọ̀ Elan jáde. Kò wúwo tó 700 kílò, sípíríǹgì rẹ̀ sì rọ̀ débi tí ẹnu fi ń ya ẹni tó bá kọ́kọ́ wà á. Títí dòní, bí wọ́n bá ń ka ọkọ̀ tó mọ kọ́nà yí, wọn kì í fo orúkọ rẹ̀. Ní 1963, ẹgbẹ́ Chapman gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé Formula One. Ẹni tó gba ife àgbáyé ló ń ta ọkọ̀ rírọ̀. Ẹni tí kò gba ife kankan rí ló ń wá le koko kiri.

Ìtàn MGB fúnra rẹ̀ pani lẹ́rìn-ín. Ní ìparí 1974, nítorí òfin Amẹ́ríkà, wọ́n fi rọ́bà dúdú ṣe bọ́ńpà rẹ̀, wọ́n sì gbé ọkọ̀ náà ga bí íǹṣì kan. Kí owó má baà pọ̀ jù, wọ́n tún yọ ọ̀pá irin iwájú, èyí tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ti òsì kí ọkọ̀ má baà máa fì. Ọkọ̀ ga sókè, ọ̀pá tó yẹ kó dì í mú ò sí, ariwo ta. Kò ju bí ọdún méjì lọ tí wọ́n fi dá ọ̀pá padà síwájú, tí wọ́n tún fi òmíràn sẹ́yìn. Ọwọ́ akọ̀wé owó ni ẹ̀bi wà. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún ọ̀gá pé ọ̀pá tó nípọn díẹ̀ sí i ti tó o? Ọ̀pá kì í hàn nínú fọ́tò.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ara ọkọ̀. Ọkọ̀ tí kò lórùlé, páálí bàtà tí a ṣí ìdérí rẹ̀ ni: ó máa ń lọ́. Irin oníhò tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá ló di MGB mú kó má ká, ibẹ̀ gan-an ló sì ti máa ń dógùn-ún. Ọ̀gá a wá de sípíríǹgì tó le ju ara ọkọ̀ lọ mọ́ ọn. Sípíríǹgì dúró gbọn-in, ọkọ̀ ló wá ń ṣe iṣẹ́ sípíríǹgì. Ilẹ̀kùn ò pa dé mọ́, gíláàsì iwájú ń gbọ̀n. Ọ̀gá ní ọkọ̀ ń bá òun sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní ṣé kò lè máa sọ ọ́ jẹ́jẹ́ ni.

Mẹkáníìkì àgbà tó mọ ọkọ̀ yìí kì í kánjú. Afẹ́fẹ́ táyà, tí kò náni ní kọ́bọ̀, ló fi ń bẹ̀rẹ̀. A fún gírísì sí kingpin, irin tí ẹsẹ̀ táyà iwájú fi ń yí sọ́tùn-ún sósì. A yẹ ṣọ́ọ̀kì iwájú wò, torí pé nínú MGB apá ṣọ́ọ̀kì yìí gan-an ló tún di òkè ẹsẹ̀ táyà mú. Bó bá ti jẹ, kò sí sípíríǹgì olówó iyebíye tó lè mú táyà dúró déédéé. A yọ búṣì ìsàlẹ̀, a fi irú èyí tí wọ́n ṣe fún MGB GT V8 ti 1973 rọ́pò rẹ̀, rọ́bà tí wọ́n fi irin há, tó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó tán. Ọkọ̀ a ṣì máa fì díẹ̀, a sì máa gba kọ́nà tí le koko ń fò wọ igbó. Irú mẹkáníìkì bẹ́ẹ̀ kì í lówó.

Bó pẹ́ bó yá, ẹ̀yìn ọ̀gá a kọ̀. A kọ ìpolówó pé ọkọ̀ òun ti di ọkọ̀ eré ìje, a to gbogbo ohun tó rà sí i lẹ́sẹẹsẹ, a bu owó lé e. Ẹni tó rà á a wà á délé, a bọ́ sílẹ̀, a fọwọ́ ti ẹ̀yìn, a tẹ ọ̀gá láago: ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé sípíríǹgì tó bá a wá láti Abingdon ṣì wà? Ó wà. Ọ̀gá ti fi òróró pa á, ó fi aṣọ wé e sínú gáréèjì, ó sì ti mọ iye tó máa pè é.