Àwọn Babaláwo Kùtọnu

Ẹni tí ó bá ń sọ káàkiri pé ọ̀làjú ti pa iṣẹ́ Ifá run, ẹ bá mi sọ fún un pé kò tí ì wá físà rí. Nítorí èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tí a bí sí ìsàlẹ̀ òkè, tí mo ti rí awo tí ó dá ti aya, tí ó dá ti oyún, tí ó dá ti màlúù tí ó sọnù, n kò tí ì rí awo kan tí ó jinlẹ̀ tó ti àwọn tí ń jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní Kùtọnu, tí wọn ó wo ojú ẹni fún ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, tí wọn ó sì mọ̀ bóyá ẹni náà yóò padà sílé ní oṣù mẹ́ta òní tàbí kò ní padà.

Ọ̀rẹ́ mi kan ni ó mú mi mọ awo náà. Oníṣòwò kajú ni, ọkùnrin tí ọjà mọ̀, tí oko mọ̀, tí ó ní aya méjì, ọmọ mẹ́sàn-án, ilé alájà kan, àti gbèsè tí kò ju ti ọmọlúwàbí lọ. Ìjọba wa ní Bẹ̀nẹ̀ ti pàṣẹ pé láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2024, kajú eléèpo kò gbọdọ̀ bá ọkọ̀ ojú omi lọ sókè òkun mọ́, àfi èyí tí a bá pa, tí a bó, tí a sì tún ṣe nílé. Òfin tí ó dára ni, n kò bú u, ṣùgbọ́n kí á má purọ́, ọwọ́ lásán kọ́ ni a ó fi pa ọgọ́rùn-ún àpò kajú. Ọ̀rẹ́ mi wá gbọ́ pé ẹ̀rọ kan wà ní ilẹ̀ Yúróòpù tí ń la kajú bí ẹni ń la obì, ó sì pinnu pé òun yóò fi ojú ara òun rí i kí òun tó kó owó lé e. Bí ìjọba ti ní kí a bó kajú kí ó tó kọjá, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn awo Kùtọnu tí ń fún ni ní físà ní kí a bó ọ̀rẹ́ mi.

Wọ́n sì bó o. Wọ́n ní kí ó mú pásípọ́ọ̀tù tí ojú-ewé méjì ṣófo nínú rẹ̀ wá; wọ́n ní kí ó ya fọ́tò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 35, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 45, kí ó má sì rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀ (nínú gbogbo àṣẹ wọn, èyí ni ó rọrùn jù lọ láti pa mọ́); wọ́n ní kí ó mú ìwé ìpè wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ẹ̀rọ, ìwé bánkì tí yóò fi bí owó ti ń wọlé tí ó ń jáde hàn, ìwé òtẹ́ẹ̀lì fún ibùsùn tí kò tí ì dájú pé yóò sùn, àti íńṣọ́ránsì àìsàn tí kò gbọdọ̀ dín ní 30,000 yúróò, èyí tí ó lé ní mílíọ̀nù 19 fàráǹkì séfà: gbogbo rẹ̀ nítorí ibà tí ó lè kọ lù ú lọ́hùn-ún, nígbà tí ó jẹ́ pé ibà kan náà ní Ṣábẹ̀ẹ́, àgbo ewé dóńgóyárò ni ó ń gbé e lọ. Lẹ́yìn èyí ni owó ẹbọ wá kàn. Yúróò 80 ni tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 2024 ni ó ti di 90, èyí tí í ṣe 59,036 fàráǹkì ní owó tiwa.

Ẹ jẹ́ kí á fi awo wé awo. Bí babaláwo wa bá ní kí o mú ẹyẹlé méjì àti àkùkọ kan wá, o lè dọ̀bálẹ̀ kí o ní, “Bàbá, ẹ bá mi dín in kù,” kí ó sì tún béèrè lọ́wọ́ Ifá, kí Ifá sì gba ẹyẹlé kan. Ti Kùtọnu kò ní ìdínkù. Bí ọ̀ràn rẹ kò bá rọgbọ, babaláwo wa yóò sọ odù tí ó yọ fún ọ, yóò kì í títí òùngbẹ yóò fi gbẹ ẹ́, ìwọ yóò sì mọ ẹni tí ó ń bá ọ jà. Ti Kùtọnu, bébà kan ni wọn ó nà sí ọ, tí a ti tẹ gbogbo ẹ̀sùn ayé sí lára tẹ́lẹ̀, tí wọn ó sì kàn fa igi sínú àpótí kékeré tí ó kàn ọ́. Odù tí ó yọ sí ọ̀rẹ́ mi ni pé kò dá wọn lójú pé ó ní èrò láti kúrò ní ilẹ̀ wọn kí físà rẹ̀ tó parí.

Èrò, ẹ̀yin ará mi! Ohun tí ó wà nínú ikùn! Àwa tí a ń ki Olódùmarè ní Arínúróde, Olùmọ̀-ọkàn, a ti rò pé oyè náà kò ní àjọjẹ.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí n bá òun kọ ìwé sí wọn, kí n fi yé wọn pé àjò kì í dùn kí onílé má relé, àti pé láti ọjọ́ tí a ti tẹ Ṣábẹ̀ẹ́ dó, kò sí ẹni tí ó tìtorí ẹ̀rọ kajú fi aya méjì sílẹ̀. Mo kọ ọ́. Ṣùgbọ́n òwe kò sí lára ẹ̀rí tí wọ́n ń gbà, àfi bóyá bí bánkì bá lè bá wa lù ú ní òǹtẹ̀. Bí a bá sì tú ọ̀rọ̀ wọn palẹ̀, ohun tí wọ́n ń wí kò ju èyí lọ: fi hàn wá pé ohun tí o ní nílé pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí o kò fi nídìí láti wá sọ́dọ̀ wa, nígbà náà ni a ó jẹ́ kí o wá.

Físà, mo júbà! Pélébé bí ewé ẹ̀kọ, wúwo bí ọlọ! A-jókòó-sínú-pásípọ́ọ̀tù-bí-ìyàwó-ọ̀ṣìngín! A-gbowó-má-dá-a-padà! Ìwọ tí o sọ baálé ilé di ọmọdé tí ń tò lórí ìlà kí oòrùn tó yọ! Schengen ni wọ́n ń pè ọ́. Abúlé àwọn ọlọ́gbà àjàrà kan ni Schengen, ní orílẹ̀-èdè Luxembourg, létí odò Moselle, inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sì ti fọwọ́ sí ìwé rẹ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1985. Abúlé tí kò tó àdúgbò kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ ni ó ń fi orúkọ rẹ̀ ṣọ́ ẹnu ọ̀nà orílẹ̀-èdè 29 báyìí. Kí àwọn ìjòyè wa má tún sọ fún mi mọ́ pé ìlú kékeré kò lè dá nǹkan ṣe.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi, tí í ṣe jórinjórin, rò pé ti òun yóò yàtọ̀, nítorí òun kò wá òwò lọ, iṣẹ́ ni òun fẹ́ ṣe. Kò mọ̀ pé físà oníṣòwò, o lè fi wo iṣẹ́, o lè fi sọ̀rọ̀ iṣẹ́, o lè fi mu kọfí lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n bí o bá fi ọwọ́ kan sípánà báyìí, o ti rú òfin. Ẹni tí yóò ṣiṣẹ́, ìwé àṣẹ iṣẹ́ ni tirẹ̀, ọ̀gá tí yóò gbà á síṣẹ́ ni ó sì ń tọrọ rẹ̀. Ní Faransé, àfi iṣẹ́ tí wọ́n bá ti kéde pé òṣìṣẹ́ rẹ̀ wọ́n, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀gá náà yóò fi polówó iṣẹ́ ní France Travail, kí àwọn ọmọ onílẹ̀ lè kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ ní àkọ̀tán. Ní Kánádà, ọ̀gá ni ó ń san 1,000 dọ́là ilẹ̀ wọn kí ìjọba tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá gbígba àlejò kò ní pa onílé lára, òfin sì kọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ gba owó náà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí àwọn alágbàtà tí ń fi ìwé iṣẹ́ Kánádà lọ̀ yín ní ibùdókọ̀, tí wọ́n ní kí ẹ mú owó ìwé náà wá ní kíá: olè ni wọ́n, ìbáà jẹ́ ọmọ bàbá yín.

Ṣé mo wá ń bú àlejò ni? Rárá o. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò ní Paris lórí ìlà tí ó fi Ṣábẹ̀ẹ́ sí apá kan, tí ó fi àwọn àna wa ní Ṣakí sí apá kejì. Kò sí àgbàlagbà kan níhìn-ín tí ó bi wọ́n ní ìwé ìpè. Ní ọdún 1911 ni ojú irin láti Kùtọnu dé ọ̀dọ̀ wa, ó fun fèrè wọlé, kò mú fọ́tò lọ́wọ́. Èrò àwọn Faransé láti padà sílé kò sì hàn kedere títí di ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1960. Ní ti àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n gba ilé-iṣẹ́ ṣúgà wa sọ́wọ́ ní ọdún 2003, òfin iṣẹ́ wa ti ọdún 1998 náà mọ ìwé àṣẹ iṣẹ́ àlejò. Ṣùgbọ́n kò sí ẹlẹ́kọ kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ tí ó ní kí wọ́n fi ìwé bánkì bàbá wọn han òun kí òun tó ṣí ẹ̀kọ fún wọn.

Àwọn kan ti gba ọ̀rẹ́ mi nímọ̀ràn pé kí ó yáa wá ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí Èkó, nítorí ìwé tí àwọn ìjọba ECOWAS fọwọ́ sí ní Dakar ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1979 fún wa ní ọjọ́ 90 láìgba físà. Òtítọ́ ni. Àwọn tí ń na igi sójú ọ̀nà nìkan ni kò tí ì ka ìwé náà dé ìparí.

Ọ̀rẹ́ mi ti tún ẹbọ náà gbé kalẹ̀. 59,036 mìíràn ti lọ. Ohun kan ṣoṣo ni ó kù. Ìwé ìbí rẹ̀, bí àwọn Faransé ti kọ́ àwọn akọ̀wé wa láti máa kọ ọ́, wí pé a bí i “ní nǹkan bí ọdún 1968”, kọ̀ǹpútà kò sì mọ nǹkan-bí, ọjọ́ gan-an ni ó ń béèrè. Ìyá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n jẹ iṣu tuntun ni, ní ọdún tí bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ fi páànù bo ilé, tí ìjì sì ṣí i. Bí àgbàlagbà kan bá wà nínú ẹ̀yin òǹkàwé tí ó rántí ọdún páànù yẹn, kí ó jọ̀wọ́ yà sílé mi kí ó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ní kí ó wá.